Ọ̀ṣọ́ Halloween láti inú ohun tó wà lọ́gbà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Aṣẹ̀rò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá, wọn yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí oṣù kọkànlá yóò fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 7, wọn kò sì tíì wá sílé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Nígbà tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí àbúrò kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé a máa ń ṣe Halloween, àjọ̀dún alẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ojú àti ẹnu sí elégédé tí wọ́n sì ń tan iná sínú rẹ̀, nílé wa, nítorí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá yóò bá wọn lọ́dọ̀ wa. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, a óò ṣe é. Ìlérí tí a bá ṣe fún ọmọdé kì í ṣe ohun tí a ń gbàgbé, ìdí nìyí tí mo fi wá bá yín.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ tó ti òkè òkun wá. Owó elégédé oníke kan ṣoṣo, tí kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí a fi ń se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nílé mi. Yàtọ̀ sí owó, mo wò ó pé lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ kan péré, inú gọ́tà ni ike yẹn ń lọ, a sì mọ ohun tí ike ń ṣe fún gọ́tà wa nígbà òjò. Mo wá pinnu pé ohun tó bá wà lọ́gbà àti lọ́jà ni n óò lò, kí gbogbo ìnáwó rẹ̀ má sì ju ₦10,000 lọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, igi àgbọn kan wà, igi tíìkì pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, aládùúgbò wa tó ń dá ẹmu sì ti ṣèlérí pé òun yóò bá wa gé màrìwò. Mo ní háhá àgbàdo, ìkarahun ìgbín tí a kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àti akèrègbè méjì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni mo fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ra elégédé kan ní Kútọ̀ láti fi dán iṣẹ́ náà wò. Èèpo rẹ̀ le débi pé ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kó gé mi. Mo gbẹ́ ojú àti ẹnu sí i, ó sì dùn ún wò, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti ń jò lábẹ́ rẹ̀, kantíkantí ti bò ó, òórùn rẹ̀ sì ti gba pálọ̀ kan. Báwo ni a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní í tètè jẹrà? Àwọ̀ wo ni a lè lò láìra ọ̀dà? Ìbéèrè tó wúwo jù lọ́kàn mi sì nìyí: ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn kò sì fẹ́ rí ohunkóhun tó jọ òkú tàbí iwin nínú ilé. N kò fẹ́ ba àgbàlagbà nínú jẹ́ nítorí eré ọmọdé.

Onígbá, Ìtọ́kò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra àlejò. Iṣẹ́ igbá fínfín ni bàbá mi kọ́ mi, òun náà ni mo sì ń ṣe títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí elégédé, kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ lò.

Elégédé yín kò ní àbùkù kankan. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ni omi. Níwọ̀n ìgbà tí èèpo rẹ̀ bá wà lódindi, ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù bíi méjì tàbí mẹ́ta láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ní kété tí ọ̀bẹ bá ti la èèpo yẹn, ooru wa àti ọ̀rinrin oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò kò tíì dá, yóò jẹ́ kó tètè bu, kó sì rà. Ní ìlú tí òtútù ti ń mú lásìkò náà, elégédé gbígbẹ́ lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Níhìn-ín, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ṣáà fẹ́ elégédé, ẹ rà á ṣáájú, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀bẹ kàn án títí di àárọ̀ ọjọ́ 31 gan-an.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gé, ẹ má gé orí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣí orí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, orí náà á sì sún kì, á jábọ́ sínú. Bí ẹ bá gé ìsàlẹ̀, igi orí rẹ̀ yóò wà síbẹ̀, omi inú rẹ̀ yóò rí ibi jò sí, ẹ ó sì kàn gbé e dé orí iná bí ìgbà tí a bá fi agbọ̀n dé adìẹ. Ẹ fi ṣíbí irin ha inú rẹ̀ títí tí ara rẹ̀ yóò fi nípọn bí ìka ọwọ́ kan. Ẹ fi èédú ya ojú àti ẹnu sí i lára. Ní ti ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ìdáná tó fẹ̀ ló fẹ́ ṣe yín ní jàǹbá; èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ní eyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ wá, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ayùn, ẹ má tì í. Kí àbúrò máa fọwọ́ kó kóró inú rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n máa ya àwòrán, àgbàlagbà ni kó gé e. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi omi tí ẹ ti po fínígà mọ́ fọ inú rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi fasilíìnì díẹ̀ pa etí gbogbo ibi tí ẹ gé. Ẹ má da inú rẹ̀ nù o. Ẹran ara rẹ̀ ṣe é sè, kóró rẹ̀ ṣe é yan.

Ṣùgbọ́n igbá ni kí ẹ fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé igbá ni oúnjẹ òòjọ́ mi, síbẹ̀ ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Igbá tó ti gbẹ dáadáa kì í rà, ẹ lè gbé e sórí àjà kí ẹ sì tún lò ó lọ́dún tó ń bọ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ sì ti fi díẹ̀ pupa bí oyin kí ẹ tó kun ún ní ohunkóhun. Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè ká igbá tútù báyìí kó gbẹ kí oṣù tó parí, nítorí pé ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù púpọ̀, ló ń gbà. Gbígbẹ ni kí ẹ rà. Odindi tí wọn kò tíì là ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì mì í létí: bí ẹ bá gbọ́ kóró rẹ̀ tó ń ró ṣaworo, ó ti gbẹ nìyẹn.

Ẹ lu ihò kan sí ìdí rẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sínú rẹ̀ kó di ọjọ́ kejì, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì máa mì í títí tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò fi jáde. Ẹ fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń gé e tàbí tí ẹ bá ń ha inú rẹ̀, nítorí pé ekuru inú igbá máa ń mú ọ̀fun àti àyà. Ẹ má gbẹ́ ẹnu ńlá sí i bíi ti elégédé. Ohun tó ń jẹ́ kí igbá dára lálẹ́ ni ihò kéékèèké: ẹ ki ìṣó ńlá sínú iná títí yóò fi pọ́n, ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ sì máa fi lu ihò tẹ̀lé ilà tí ọmọ ti fi èédú fà. Nígbà tí iná bá wọ inú rẹ̀, ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín yóò kún fún ìràwọ̀.

Akèrègbè méjì tí ìyá yín fi sílẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ẹ so wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe wà. Ọrùn wọn nìkan ti tó ọ̀ṣọ́.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Ọbáńtokò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Onígbá. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ewé ni n óò sọ, mo sì ní ìkìlọ̀ kan tí mo bẹ gbogbo òbí pé kí wọ́n fara balẹ̀ kà.

Dúdú kò nílò owó: ẹ gún èédú kúnná, ẹ kù ú, kí ẹ sì pò ó mọ́ láfún tí ẹ fi omi gbígbóná rò di lẹ̀ẹ́. Ẹfun tí ẹ bá lọ̀, tí ẹ pò lọ́nà kan náà, ni funfun. Ajó, ìyẹn atalẹ̀ pupa, máa ń mú àwọ̀ ìyeyè wá, bí ẹ bá sì fi osùn díẹ̀ sí i, yóò di àwọ̀ elégédé tí àwọn ọmọ yín mọ̀. Ní ti pupa, ẹ já ọ̀dọ́ ewé tíìkì, kí àwọn ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á. Pupa rẹ̀ yóò jáde bí ẹ̀jẹ̀ lójú wọn, ẹnu á sì yà wọ́n. Ẹ wọ aṣọ àtijọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà, nítorí pé kì í tètè bọ́ lára aṣọ. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwọ̀ yìí tó lè fara da òjò, nítorí náà abẹ́ òrùlé ni kí ẹ gbé e kọ́ sí.

Ewé tíìkì tó ti dàgbà fẹ̀ ju ìwé lọ. Ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ lókè nísàlẹ̀, ẹ kó ìwé wúwo lé e fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà bó bá ti ń rin, kó má baà bu. Bó bá gbẹ, yóò le bí páálí. Ewé méjì tí ẹ bá gé etí wọn ní wíńdinwìndin, tí ẹ fi èédú kùn, tí ẹ sì so pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo kan, ti di àdán. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ náà dára fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń ya, ọmọ ọdún 7 kò sì ní í ní sùúrù fún un.

Aláǹtakùn ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, torí pé mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe é. Ẹ la igbá àgbọn sí méjì, ẹ ha irun ara rẹ̀ kúrò, ẹ lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kìíní àti mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ sì ki ọwọ̀ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ aláǹtakùn jẹ́ 8, kì í ṣe 6 bíi ti eèrà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn kà á. Fún ilé rẹ̀, ẹ di ọ̀pá oparun mẹ́ta ní àgbélébùú, kí ẹ máa fi ìko ta á yíká láti àárín lọ sí etí. Ìko yìí náà ni àwọn aláàdìrẹ fi ń di aṣọ tí a ń pè ní àdìrẹ oníko, ẹ ó rí i rà ní ìdì kékeré.

Ìkìlọ̀ mi nìyí. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa fi ṣe ojú fún àdán àti aláǹtakùn, ẹnikẹ́ni lè sọ fún yín pé kí ẹ já ojú ológbò, èso pupa olórí dúdú tó máa ń hù lára ìtàkùn nínú igbó. Ó rẹwà, orúkọ rẹ̀ gan-an sì bá iṣẹ́ náà mu. Ẹ má mú un wọlé. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ lágbára débi pé kóró kan péré tí ọmọdé bá rún lẹ́nu lè gba ẹ̀mí rẹ̀, bí ẹ bá sì fi abẹ́rẹ́ lu ú láti fi okùn sí i, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún májèlé náà nìyẹn. Ẹ yẹra fún kóró lápálápá àti fún èso wèrèpè pẹ̀lú, èyí tí irun ara rẹ̀ máa ń yún èèyàn títí awọ ara yóò fi wú. Kóró àgbálùmọ̀ ni kí ẹ lò. Kò sí ilé tí wọn kì í tọ́jú rẹ̀ sínú agolo kan láti ọdún tó kọjá, ó ń dán, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọmọ Ìjọ, Adátán

N kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jà, mo sì bu ọlá fún gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a ń gba àjọ̀dún tí kì í ṣe tiwa wọlé, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń ṣeré lórí òkú àti ẹ̀mí àìrí, nígbà tí àwọn ọmọ náà kò tíì mọ bí a ṣe ń kí àgbà láàárọ̀. Ìyá ọkọ yín ní ìdí tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ. Ṣé kò ní í dára kí a kó àwọn ọmọ náà lọ sórí Olúmọ, kí a sì sọ fún wọn bí àpáta náà ṣe dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá tó dé síbẹ̀ ní 1830?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Dublin

Mo kí gbogbo ilé láti Ireland, níbi tí Halloween gan-an ti ní orírun. Mo gba ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìjọ gbọ́, kí wọ́n lọ sórí Olúmọ dájúdájú, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà jìn díẹ̀ ju bí a ṣe ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Nígbà láéláé, àwọn ará ibí ní àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain, èyí tí wọ́n fi ń parí ìkórè kí òtútù tó wọlé, láti alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ìjọ Kristẹni pẹ̀lú ya ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá sọ́tọ̀ fún gbogbo àwọn ẹni mímọ́, àìsùn ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó di Halloween ń tọ́ka sí. Elégédé kò sí níbẹ̀ rárá lásìkò yẹn. Tọ́nípù, tó le bí iṣu tí kò tíì jiná, ni wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀ tí wọ́n sì ń tan iná sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà tó wà ní County Mayo ní ẹ̀dà ọ̀kan nínú wọn, ojú rẹ̀ hunjọ débi pé mo yí ojú mi kúrò nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láàárín 1845 sí 1852, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sá lọ sí Amẹ́ríkà, elégédé tó jẹ́ irè ilẹ̀ ibẹ̀ sì wà níwájú wọn, ó tóbi, ó sì rọrùn láti gbẹ́ ju tọ́nípù lọ. Bí ó ṣe di ti elégédé nìyẹn.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá fi igbá Ìtọ́kò rọ́pò elégédé, ohun tí àwọn ará Ireland ṣe nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ àjèjì náà ni ẹ̀yin ń ṣe. Irè tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ ọdún 10 yẹn kó tó béèrè ìdí tí tiyín kò fi jọ ti Amẹ́ríkà.

Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ màmá ló mú mi wọlé, nítorí pé èmi náà ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa bá gbogbo rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sọ fún wọn nísinsìnyí, kí ẹ sì gbé igbá àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe tọ̀ wọ́n lọ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi òwìwí sí ọ̀ṣọ́ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àwọn ọmọ yín rí i gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ lásán, ṣùgbọ́n lójú màmá, ẹyẹ àwọn ìyá ni, kò sì sí àlàyé tó lè mú kí wọ́n sùn dáadáa bó bá wà lára ògiri. Aṣọ funfun tí wọ́n máa ń fi bo nǹkan kó lè jọ iwin, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé aṣọ òkú ni màmá yóò rí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ: bí ọmọ bá fẹ́ sọ pé òun fẹ́ egungun ara, tí ohùn rẹ̀ bá gòkè níbi tí kò yẹ, egúngún ni yóò pè, màmá yóò sì rò pé ẹ fẹ́ gbé eégún wọlé. Eégún ní àwọn tó ni ín nílẹ̀ Ẹ̀gbá, wọn kì í fi ṣeré ọmọdé. Bí wọ́n bá fẹ́ ìbòjú, ẹ fi páálí tàbí ìlàjì igbá ṣe ìjàpá, ehoro tàbí ẹtu fún wọn, kí ojú àti ẹnu wọn sì hàn.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó tíì sọ. Màrìwò tí aládùúgbò yín fẹ́ gé, ẹ má ta á sí òkè ẹnu ọ̀nà. Àwa Yorùbá mọ̀ pé aṣọ Ògún ni màrìwò, ẹni tó bá ń kọjá tó rí i lẹ́nu ọ̀nà yóò rò pé ojúbọ ló wà nínú ilé yín. Odindi imọ̀ ọ̀pẹ tó ti dàgbà ni kó gé fún yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní kọrọdọ sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé ìjọsìn nígbà ìdúpẹ́ ìkórè, kí ẹ na ìrèké méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé òpó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan síwájú. Oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń ṣe ìkórè, nítorí náà ojú màmá ti mọ irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, inú Ọmọ Ìjọ náà yóò sì dùn sí i. Gẹ́gẹ́ bí ará Dublin ṣe sọ, ìkórè náà kúkú ni ti àwọn ará ibẹ̀.

Bí ẹ bá ya ọ̀dọ̀ wa, n óò fún yín ní àjákù àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rì í sínú láfún rírò tó ki díẹ̀, irú èyí tí a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ tẹ́ ẹ bo ìdí igbá kan, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá ṣí i kúrò, yóò dúró fúnra rẹ̀ bí agboòrùn kékeré, ẹ sì lè gbé e lé iná bátìrì. Bí ọdún bá ti kọjá, ẹ fọ láfún náà kúrò, nítorí pé eku àti aáyán fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ìyá Ìbejì, Aṣẹ̀rò

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ màrìwò yẹn nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú, nítorí pé òkè ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo fẹ́ ta á sí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ Onígbá: ṣé mo lè da epo sínú ìkarahun ìgbín, kí n fi òwú sí i, kí n sì gbé e sínú igbá gẹ́gẹ́ bí fìtílà? Àbẹ́là ti wọ́n jù.

Onígbá, Ìtọ́kò

Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín. Igbá gbígbẹ kò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Iná bátìrì kékeré tàbí èyí tó ń lo oòrùn ni kí ẹ gbé sínú igbá àti sábẹ́ aṣọ, kì í ṣe iná tó ń jó. Èyí tó ń lo oòrùn dára, ẹ kàn ní láti gbé e síta láàárọ̀ kó lè jẹun dáadáa, nítorí pé kó tó di aago méje alẹ́, ilẹ̀ ti ṣú.

Inú elégédé tútù nìkan ni iná tó ń jó lè wọ̀, nítorí omi ara rẹ̀, kí ẹ sì dá ihò kan sí òkè fún èéfín. Ní ti ìkarahun ìgbín, ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà tan iná ni ẹ sọ yẹn, ó sì rẹwà. Epo pupa díẹ̀ àti òwú tí ẹ fi ọwọ́ lọ́ ti tó. Ẹ bu yanrìn sínú àwo amọ̀, ẹ gbin ìkarahun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀ kí wọ́n má lè yí, ẹ gbé àwo náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àárín gbàgede, kí ó jìnnà tó ìṣísẹ̀ márùn-ún sí imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé gbígbẹ. Kí àgbàlagbà kan jókòó tì í títí ẹ ó fi pa á. Bí àwọn ọmọ bá wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ má tan án rárá.

Ìyá Ìbejì, Aṣẹ̀rò

Mo ní kí n jábọ̀ fún yín. Mo ra igbá gbígbẹ mẹ́rin, ajó, ẹfun, osùn àti ìdì ìko kan, mo sì gba àjákù àdìrẹ ní Ìtòkú bí a ṣe ṣèlérí fún mi. Gbogbo rẹ̀ kò tíì dé ₦7,000. Ìyókù owó náà ni n óò fi ra elégédé kan ṣoṣo àti iná kéékèèké méjì. Ewé tíìkì ti wà lábẹ́ ìwé láti àná. Nínú àpò wa ni mo ti rí kóró ojú ológbò méjì, tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì já wá láti ojú ọ̀nà ilé ìwé. Mo ti sun ún níná, mo sì ti fi àwòrán rẹ̀ han gbogbo ọmọ àdúgbò wa. Olùkọ́, Ọlọ́run yóò san án fún yín.

Mo kúnlẹ̀ bá ìyá ọkọ mi lálẹ́ àná, mo gbé igbá tí mo ti lu ihò sí fún wọn, mo sì pa iná yàrá. Wọ́n yí i lọ yí i bọ̀ títí, wọ́n sì bi mí pé ta ni yóò máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá tan án. Mo ní àwọn ni mo fẹ́ bẹ̀. Wọ́n ní kí n tún ihò méjì lù sí i ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn máa jókòó sí, kí iná lè kan ojú àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń gbe orin Ìjàpá, kí n sì bá wọn gbé àga wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó di aago méje.